Fàdákà ìyá mi àti síkéèlì ọlọ́jà

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Fàdákà tó jẹ́ 280 gíráàmù nílé mi di 180 lórí síkéèlì ọkùnrin kan tó ń ra àfọ́kù góòlù àti fàdákà n'Ílọrin, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ò já bọ́ lọ́nà.

Ẹrù ìyá mi ni. Ẹ̀gbà ọwọ́, ṣéènì, àti àwọn òrùka tí wọ́n rà ní Mẹ́kà nígbà tí wọ́n lọ Háàjì. A ní ká tà wọ́n ká fi owó rẹ̀ kún owó páànù ilé wọn ní Pákátà. Òrùka bàbá wa la yọ sílẹ̀, èyí tí kò kúrò lọ́wọ́ wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Wúrà ò tọ́ sí ọkùnrin nínú ẹ̀sìn wa, fàdákà ni tiwọn, ta ni yóò sì ta ìyẹn?

Yíyẹ ẹrù wò ò gba wàhálà. Ẹ wá òǹtẹ̀ 925: bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, ọ̀nà 925 jẹ́ fàdákà, ìyókù sábà máa ń jẹ́ bàbà. Àwo tíì kan wà níbẹ̀ tó ń dán ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ EPNS ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Wọ́n kàn fi fàdákà kùn ún lára ni, olówó fàdákà kan ò ní san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ má sì da ara yín láàmú pé ẹ̀ ń fọ èyí tó ti dúdú. Ẹni tó fẹ́ yọ́ ọ nínú iná, kí ló kàn án? Mo yọ àwọn òrùka olókùúta sọ́tọ̀, mo wọn ìyókù lórí síkéèlì kékeré tí ọmọbìnrin mi fi ń wọn èròjà kéèkì. 280.

Ọkùnrin náà gbà mí tẹ̀rín-tọ̀yàyà. "Àlàájà mi, ẹ jókòó." Ó fi fáìlì ha ẹ̀gbà kan, ó kán ásíìdì sójú ibẹ̀. Ayédèrú máa ń yọ àwọ̀ ewé. Tiwa ò yọ ọ́. Ó kó gbogbo ẹ̀ lé síkéèlì, ó ní 180.

Mo ní kó tún un gbé. Ó tún un gbé, 180 náà ni. Ó ní síkéèlì kéèkì ò lè wọn fàdákà, fúláwà ni wọ́n ṣe é fún. Mo ní ohun tó lè wọn fúláwà lè wọn irin. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, pé àwa obìnrin la máa ń rò pé ẹrù wa pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ó ti ń ka owó kalẹ̀ níwájú mi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣílè kan wà nínú pọ́ọ̀sì mi, ṣílè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti 1914, ogún ìyá ìyá mi. Ṣílè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe fún wa láti 1913, fàdákà 925 ni. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é. 5.65 gíráàmù ni ó jẹ́ bó ṣe ti ilé owó jáde. Tèmi ti jẹ díẹ̀ lára, 5.5 ló jẹ́ nílé. Mo gbé e lé síkéèlì rẹ̀: 3.5. Ṣílè wo ló ń jẹ́ 3.5? Mo bá sún mọ́ síkéèlì náà, mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe "g" ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, "dwt" ni. Òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ni, ẹyọ kan rẹ̀ ju gíráàmù kan àtààbọ̀ lọ díẹ̀. Ó ń fi dwt wọn ẹrù mi, ó fẹ́ fi owó gíráàmù san án!

Mo fi hàn án. Ó ní àwọn ọmọ ló fọwọ́ kan síkéèlì òun. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, 280 jáde. Kò tọrọ àforíjì o. Owó gíráàmù kan tó ti dá tẹ́lẹ̀ ló tún já wálẹ̀, ó ní ọjà ti rọ̀ láàárọ̀ yẹn. Mo kó ẹrù mi.

N ò bínú pé ó fẹ́ jèrè. Áúnsì ni wọ́n ń fi dá owó fàdákà lágbàáyé, áúnsì tiwọn sì jẹ́ 31.1 gíráàmù. Ká ní 30 dọ́là ni áúnsì kan, fàdákà inú 280 gíráàmù tiwa á tó 250 dọ́là. Inú 180, nǹkan bíi 160. Kò lè san gbogbo 250, torí yóò tún tà á fún ẹni tó máa yọ́ ọ, owó náà sì lè já kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: nǹkan bíi 12 dọ́là ni áúnsì ní oṣù kẹta 2020, ó sì ju 50 lọ ní oṣù kẹwàá 2025. Ìyẹn yé mi. Èyí tí n ò gbà ni pé ẹ̀gbà tó bá rẹwà kò ní dé inú iná láéláé. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tà á lówó ọnà, owó àfọ́kù ni wọ́n sì fi rà á lọ́wọ́ yín. Owó tó kà sílẹ̀ fún mi lákọ̀ọ́kọ́ yẹn, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí fàdákà náà tó.

Alágbẹ̀dẹ kan tó ń rọ òrùka fún àwọn àáfà, ní ìtòsí Ọjà Ọba, ló padà rà á. Òun fúnra rẹ̀ ló máa lò ó, kò sí alágbàtà láàárín, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló san. Mo ti gbé síkéèlì kéèkì dání lọ, mo sì ní kó dá owó gíráàmù kan kí ẹrù tó kan síkéèlì. Kò bínú, ó ní bó ṣe yẹ kí gbogbo èèyàn máa ṣe nìyẹn.

Nígbà tí mo mú àwọn òrùka olókùúta jáde, ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ́ wọn, àtòun alára. Kí n dúró di ìtòsí Iléyá, àwọn tó ń múra ọdún á rà wọ́n ní iye òrùka.