Bí A Ṣe Ń Ṣe Súwíìṣì Tó Ń Gbọ́ràn sí Fóònù, Tí Kò Ní Ṣàjèjì sí Onílé

Kó o tó ya ohunkóhun, lọ jókòó ní pálọ̀ ẹni tó máa lò ó nírọ̀lẹ́. Wo ọwọ́ rẹ̀ bó bá ti ń wọlé. Kò ní wo ògiri. Ọwọ́ á kàn tọ súwíìṣì lọ, á tẹ ìsàlẹ̀, á dún "ká", iná á tàn. Ìsàlẹ̀ ni mo wí o. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é là ń ṣe é ní Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, òkè ni wọ́n ń tì í sí. Ohun tọ́wọ́ ti mọ̀ yìí ni kó o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Àwọn kan á fi gíláàsì pẹlẹbẹ rọ́pò bọ́tìnnì torí ẹwà. Ta ló fẹ́ máa táràrà lára ògiri nínú òkùnkùn?

Wá wo bí àwọn tó ṣáájú ṣe ṣe é. Lọ́dún 1953, Honeywell gbé thermostat róbótó kan jáde, ohun ara ògiri tí wọ́n fi ń darí ooru ilé lọ́hùn-ún. Henry Dreyfuss ló ya bó ṣe rí: yí i, ilé á gbóná. Nígbà tí Nest, iléeṣẹ́ Tony Fadell, ṣe tiwọn lọ́dún 2011, kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀, tó ń kọ́ ìgbà tí onílé ń sùn àti ìgbà tó ń jáde. Síbẹ̀, róbótó náà ni, yíyí náà ni.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn, ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, bí wọ́n bá ti mú iná dé, gbogbo gílóòbù ló ń tàn. Aago méjì òru ni wọ́n mú un wá lọ́jọ́ kan. Ìyá mi gbé tọ́ọ̀ṣì jáde, wọ́n rò pé olè ti wọlé. Nítorí náà, jẹ́ kó máa rántí ipò tó wà kí iná tó lọ.

Jẹ́ kí bọ́tìnnì ṣiṣẹ́ bí dátà bá tán. Ọ̀pọ̀ irú súwíìṣì yìí kì í ṣiṣẹ́ láìsí wáyà neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà. Bi oníṣẹ́ iná bóyá ó dé inú àpótí súwíìṣì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, òkè àjà ló ń parí sí.

Níkẹyìn, kàn án mọ́ ògiri, má ṣàlàyé nǹkan kan. Sọ fún àlejò pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tanná." Bó bá bi ọ́ pé èwo ni kóun tẹ̀, tú u sílẹ̀, kó o tún un yà.