Bẹ́ ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín ṣe fóǹtì aago mọ́ṣáláṣí tó gba Yorùbá

Ẹ wo aago pupa tó wà lára ògiri mọ́ṣáláṣí, ẹ wo pátákó owó ní ilé epo, ẹ wo mítà NEPA ilé yín, irú ìkọ̀wé kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ọ̀pá iná kéékèèké ni wọ́n tò di nọ́ńbà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni! Gbogbo àwa tá à ń ṣe bánà àti sítíkà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la mọ̀ pé ó máa ń wu àwọn ọmọ LAUTECH fún pósítà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti tẹ Ọ tàbí Ṣ báyìí wàhálà dé, kọ̀ǹpútà á lọ mú lẹ́tà fóǹtì mìíì wá rọ́pò, á wá dà bí ìgbà tí wọ́n fi àǹkárá lẹ léèsì. Ẹ jẹ́ ká ṣe fóǹtì tiwa, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò.

Ọ̀pá méje ni ìpìlẹ̀ ẹ̀. Orúkọ wọn ni a dé g: a lókè, b lọ́tùn-ún òkè, c lọ́tùn-ún ìsàlẹ̀, d nísàlẹ̀ pátápátá, e lósì ìsàlẹ̀, f lósì òkè, g láàárín. Kí gbogbo ẹ̀ tàn, 8 nìyẹn, kí b àti c nìkan tàn, 1 nìyẹn. Àwọ̀ pupa lórí dúdú ló bá a mu jù lójú tèmi, torí pupa ni LED (irú iná kékeré tí wọ́n ń lò nínú aago yìí) tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Nick Holonyak ṣe ní 1962, pupa náà sì ni aago ọwọ́ Pulsar tí ilé iṣẹ́ Hamilton gbé jáde ní 1972, èyí tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì kẹ́ ẹ tó rí aago torí iná ẹ̀ ń jẹ bátìrì.

Ibi tó dùn mọ́ mi nínú jù rèé o. Lẹ́tà tó máa ń fún ọ̀pá méje ní ìṣòro ni K, M, V, W, X àti Z. Yorùbá ò sì ní V, ò ní X, ò ní Z! Ó ku K, M, W. Àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra ẹ̀ ní M nínú, torí náà ẹ lọ sí ọ̀pá 14: ẹ pín g sí méjì, g1 lósì, g2 lọ́tùn-ún, ẹ fi ọ̀pá mẹ́rin tó ti igun wọ àárín kún un, àti méjì tó dúró láàárín, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀. M á wá jẹ́ ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú ọ̀pá igun méjì tòkè, W náà bẹ́ẹ̀ àmọ́ igun ìsàlẹ̀ ni tiẹ̀. S á jọ 5, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ á sọ èwo ni.

Inkscape, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yàwòrán, ni kẹ́ ẹ fi yà á, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ya ọ̀pá kan tí orí ẹ̀ méjèèjì ṣe ṣónṣó, ẹ to gbogbo 14 sínú fáìlì kan, kí àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn (fún bánà ẹ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ sí i, torí yíǹkì máa ń dí i). Lẹ́tà tó bá kàn, ẹ ṣe kọ́pì fáìlì yẹn kẹ́ ẹ pa ọ̀pá tí kò gbọdọ̀ tàn rẹ́. Gbogbo lẹ́tà gbọ́dọ̀ fẹ̀ bákan náà.

Àmì wa ló gba sùúrù. Àwọn iná yìí sábà máa ń ní dọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún fún owó kọ́bọ̀, ẹ gbé dọ́ọ̀tì yẹn wá sí abẹ́ àárín lẹ́tà, ó ti di Ẹ, Ọ, Ṣ nìyẹn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan d. Àmì ohùn, ẹ gé ọ̀pá igun kan kúrú kẹ́ ẹ gbé e sókè lẹ́tà.

Ẹ wá kó àwọn àwòrán yẹn lọ sínú FontForge, ètò tí wọ́n fi ń ṣe fóǹtì. Níbẹ̀, lẹ́tà Ẹ wà ní kóòdù U+1EB8, Ọ ní U+1ECC, Ṣ ní U+1E62. Ọ̀ àti Ẹ́ ò ní kóòdù tiwọn, lẹ́tà àti àmì ló máa ń pàdé, ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń fò lọ sórí lẹ́tà kejì nínú ọ̀pọ̀ fóǹtì. Ẹ ṣí Font Info, Lookups, GPOS (ibi tí wọ́n ti ń ṣètò àyè àmì), ẹ ṣe Mark to Base, kẹ́ ẹ fi anchor, ìyẹn ojú ibi tí àmì á ti so mọ́ lẹ́tà, sórí A, E, Ẹ, I, O, Ọ, U, N, M, kẹ́ ẹ fi sára àmì ohùn ìsàlẹ̀ (U+0300) àti ti òkè (U+0301) náà. Ẹ fi àwòrán kan náà sí àyè lẹ́tà ńlá àti kékeré, anchor ẹ̀ náà ńkọ́, kó tẹ̀lé e. Ẹ gbé Win Ascent, ìwọ̀n bí fóǹtì ṣe ga tó lókè, sókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gé àmì yín lórí. Fún ₦, ẹ ṣe N kẹ́ ẹ tan g1 àti g2 sí i, àwọn oníṣọ́ọ̀bù á dúpẹ́.

Ẹ wá lọ sí Generate Fonts, ẹ mú TrueType, ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ wò. Tí CorelDRAW àtijọ́ bá da àmì rú, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yẹn nínú Inkscape, ẹ sọ ọ́ di path, ìyẹn àwòrán lásán tí kì í ṣe lẹ́tà mọ́, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.

Ó ku ọ̀kan. Àyè X tí a ò lò yẹn, ẹ fi lẹ́tà tí gbogbo ọ̀pá 14 ẹ̀ tàn síbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́jọ, ẹ tẹ X mẹ́jọ sẹ́yìn ẹ̀ ní pupa tó ṣókùnkùn gan-an, ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ gan-an lé e lórí ní pupa tó tàn, ọ̀pá tí kò tàn á máa yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn bíi ti aago gidi.