Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí àwa oníṣẹ́ ọnà ń ṣe nípa àápù "tiwa nìkan"

Gbogbo ìgbà tí Instagram bá ti yí nǹkan padà báyìí, tí wọ́n gbé fídíò ṣíwájú fọ́tò, tàbí tí wọ́n ní àwọn máa fi iṣẹ́ wa kọ́ AI (ẹ̀rọ tó ń dá àwòrán yà), ẹ ó rí i pé gúrúùpù WhatsApp àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére l'Adó Èkìtì yìí á gbóná, ẹnì kan á sì ní ẹ jẹ́ ká kúrò ńbẹ̀ jàre, ká lọ síbi tó jẹ́ ti oníṣẹ́ ọnà nìkan, tàbí ká kúkú ṣe tiwa. Mi ò bá wọn jà. Irú ibẹ̀ lè dúró, àwọn kan sì ti dúró, àmọ́ ohun tó mú wọn dúró kọ́ lohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò, ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣì í.

Èyí tó burú jù ńbẹ̀ ni ká máa rò pé oníṣẹ́ ọnà ẹlẹgbẹ́ wa ni kọ́sítọ́mà wa. Ẹ má ṣe é o.

Ọmọkùnrin kan wà ní Ajílóṣun tó ń fi pẹ́ńsùlù ya ojú èèyàn, ọwọ́ ẹ̀ dáa kọjá àfẹnusọ. Ó gbé àwòrán bàbá àgbà kan sórí ọ̀kan nínú àwọn àápù ayàwòrán yìí, ó yà á débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́mẹ́ǹtì rọ̀jò. Ará Brazil bi í irú pẹ́ńsùlù tó lò, ará Indonesia bi í irú bébà, ẹlòmíì ní kó wá fọ́lò òun padà. Kò sẹ́ni tó bèèrè iye. Àwòrán kan náà yẹn ló jù sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ẹ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ìyá kan tó ń taṣọ l'Ọ́jà Ọba fi pè é, wọ́n ní bàbá àwọn fẹ́ ṣe 70 ọdún, ṣé ó lè ya tiwọn bẹ́ẹ̀, fúrémù ńkọ́, ṣé á wà pẹ̀lú ẹ̀ àbí ọ̀tọ̀ lowó ẹ̀. Ìyá yẹn ò lè wọ àápù ayàwòrán láéláé, kí ni wọ́n fẹ́ lọ wá débẹ̀? Ọjà tó bá jẹ́ pé ata ni gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ń tà, ta ló máa rà á?

Ilé wa níbí náà ẹ wò ó. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, kì í ṣe agbẹ́gilére bíi tiẹ̀ ló ń gbéṣẹ́ fún un, Arínjalẹ̀ ni, Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ni, àwọn ọba tó fẹ́ kí ààfin wọn yàtọ̀. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ògògà láàárín 1910 sí 1914, nígbà tí wọ́n gbé e lọ fi pàtẹ ní Wembley lọ́dún 1924, ojú àwọn òyìnbó wọ̀ ọ́, àga ọba ni wọ́n ṣe fún Kábíyèsí dípò ẹ̀, ó sì wà ní British Museum di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí (ẹ jẹ́ n má tíì wí tẹnu mi lórí ìyẹn). L'Ọ́yẹ̀ẹ́ náà, ní 1947, Fadá Kevin Carroll kó agbẹ́gilére, ahunṣọ àtàwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣiṣẹ́ jọ sójú kan, ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Báńdélé. Oníṣẹ́ ọnà ló kún ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ẹni tó ń sanwó. Ìjọ Kátólíìkì ni: ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ère ìbí Jésù, aṣọ àwọn fadá.

Ohun tó mú ArtStation, ìkànnì tí àwọn ayàwòrán ti ń pàtẹ iṣẹ́ wọn, dúró látọdún 2014 náà nìyẹn, àwọn tó ń ṣe géèmù àti fíìmù ló ń wá síbẹ̀ wá ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Pixiv ní Jàpáánù, látọdún 2007, àwọn tó fẹ́ràn àwòrán ló ń wá síbẹ̀ wá wò, wọ́n sì ń sanwó fún ayàwòrán tí wọ́n bá fẹ́. Behance, ìkànnì ìpàtẹ iṣẹ́ bíi tiwọn, ní tiẹ̀, Adobe tó ń ta Photoshop ti rà á láti ìparí 2012, ẹni tó ń bọ́ ọ ti wà.

Ẹ má sì fi èrò tó ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà pe àṣeyọrí. Cara, àápù oníṣẹ́ ọnà kan, ni mò ń bá bọ̀. Jingna Zhang, ayafọ́tò ọmọ Singapore, ló dá a sílẹ̀, àwọn tó ń bá a ṣe é nígbà náà ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Nígbà tí ariwo ta ní nǹkan bí Oṣù Kẹfà 2024 pé Meta tó ni Instagram fẹ́ fi iṣẹ́ wa kọ́ AI, àwọn tó wà lórí ẹ̀ kúrò ní bí 40,000 di bí 650,000 láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Inú gbogbo wa dùn, àfi ìgbà tí bíìlì sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé àápù náà) dé, ó ju $96,000 lọ! Ìbínú ló gbé àwọn èèyàn yẹn débẹ̀, wọn ò gbé owó dání, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì pa Instagram wọn rẹ́, nítorí ibẹ̀ náà làwọn tó ń rajà lọ́wọ́ wọn wà. Cara ṣì wà o, mi ò sọ pé ó ti kú. Mò ń sọ pé bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i lowó títọ́jú àwòrán ń pọ̀ sí i, torí àwòrán wúwo ju ọ̀rọ̀ lọ lórí sáfà, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ san án.

Ello, ìkànnì irú èyí kan, ò ríbi dúró ní tiẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé e dé, wọ́n ní àwọn ò ní ta ìpolówó, nígbà tó yá wọ́n kọjú sí oníṣẹ́ ọnà, wọ́n tà á fún ẹlòmíì, tó fi di 2023 tí ó kàn pa lójijì, iṣẹ́ àwọn tí ò ní ẹ̀dà níbòmíì bá a lọ. Nítorí náà ẹ má fi àápù kankan ṣe àpótí iṣẹ́ yín. Kí orígínà wà nínú háàdì díráífù, kí ẹ̀dà kejì wà níbòmíì, fóònù tó lè já bọ́ lórí ọ̀kadà kọ́ là ń pè níbòmíì yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé bí ibì kan bá ti ń jẹ́ "ti oníṣẹ́ ọnà", tiwa lonílé ń ṣe, ẹ bi àwọn tó wà lórí DeviantArt. Látọdún 2000 ló ti wà, ilé iṣẹ́ Wix rà á ní $36 mílíọ̀nù ní 2017, ní Oṣù Kọkànlá 2022 wọ́n gbé DreamUp, AI tiwọn tó ń yàwòrán, jáde, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣètò ẹ̀ pé àfi kéèyàn fúnra ẹ̀ lọ sọ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ òun kọ́ AI. Ariwo ni wọ́n pa kí wọ́n tó yí i padà. Ẹ máa wọ sẹ́tíǹgì kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan sórí ẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ni.

Àṣìṣe kékeré kan tún wà: kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ síbẹ̀ láì sí nọ́ńbà, láì sí iye, láì sọ bóyá ẹ ń gba iṣẹ́. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìsàn ò ní àápù kankan, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ìkòkò mọ ilé wọn.

Tẹ́nì kan bá wá bá yín báyìí pé òun fẹ́ ṣe àápù oníṣẹ́ ọnà Èkìtì, kẹ́ ẹ dáwó, ẹ bi í pé yàtọ̀ sí àwa, ta ló ń bọ̀? Kó dárúkọ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó ti bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ń kọ́lé, ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ Èkìtì tó wà l'Ékòó àti lókè òkun tó fẹ́ ère sí pálọ̀. Ẹ bi í ta ló máa sanwó sáfà lóṣù kẹtàlá. Tó bá jẹ́ lọ́gò nìkan ló rí gbé síta, ẹ ní kó lọ wá àwọn tó máa rajà yẹn ná kó tó padà wá gbowó.