Bí mo ṣe gbé àyẹ̀wò àràárọ̀ ẹ̀rọ CMM lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́

CMM ni ẹ̀rọ tó ń fi ṣóńṣó ọ̀pá tín-ín-rín kan, tí à ń pè ní stylus, fọwọ́ kan nǹkan láti wọ̀n ọ́n géérégé. Àyẹ̀wò àràárọ̀ yìí kì í ṣe kàlíbíréṣọ̀n gan-an. Ìlànà ISO 10360-2 ń béèrè gígùn 5 ní ipò 7, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta, ìyẹn ìwọ̀n 105, àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí ni mo sì ń pè fún un. Ohun tí mo gbé fún kọ̀ǹpútà ni àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ẹ̀rọ ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

Píléètì irin kan ni mo lò, bọ́ọ̀lù seramíìkì oní 25 mm wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i jẹ́ 500 mm, gígùn méjèèjì sì wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró: ọ̀kan nínú kòtò, ọ̀kan nínú ihò gbọọrọ tó rí bíi V, ọ̀kan lórí ibi pẹrẹsẹ. Bí a bá gbé e kúrò tí a sì dá a padà, ojú kan náà ni yóò jókòó sí. Ẹ má fi bóòtù dè é mọ́ tábìlì, torí bóòtù á fà á tẹ̀, gígùn tí ẹ fẹ́ fi ṣe òdiwọ̀n á sì yí padà.

Ìdí tí mo fi ń wọn igun sí igun dípò ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni pé bí X àti Y, ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ ń gbà rìn lórí tábìlì, kò bá pàdé ní 90° géérégé, ìlà kan á gùn sí i, ìkejì á kúrú. Ká ní ọ̀kan fi 2.5 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mm) gùn ju ti ìwé lọ, tí ìkejì sì fi 2.5 µm kúrú. Fún ẹ̀rọ tí ààlà àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 1.9 + L/300 (L ni gígùn ní mm, èsì rẹ̀ jẹ́ µm), ààlà ní 500 mm jẹ́ bíi 3.6 µm, nítorí náà méjèèjì yege. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 5 µm, ìyẹn 10 µm lórí mítà kan, igun ẹ̀rọ sì ti ń ṣí nìyẹn. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni mo ń ṣọ́ jù. Ní ti XZ àti YZ, ìyẹn igun tí X àti Y bá Z tó ń lọ sókè-sódò ṣe, mo ń fi ọwọ́ gbé píléètì dúró lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àyẹ̀wò náà kọ́kọ́ ń wo ooru. Bí píléètì bá fi ju 1 °C lọ yàtọ̀ sí 20 °C, kò ní bẹ̀rẹ̀. Irin 500 mm ń fi bíi 5.75 µm gùn fún 1 °C kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i dájú pé ibi kan ṣoṣo ni a ti ń ṣe àtúnṣe ooru. Bí kọ̀ńtírólà àti sọ́fítíwíà bá jọ ń ṣe é, 17 µm ni ẹ máa fi ṣìnà ní 23 °C.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti rìn fún ìṣẹ́jú 10, ó ń fi ojú 25 fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ìtọ́kasí tí a dè mọ́ tábìlì, pẹ̀lú nọ́ńbà stylus ti àná. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Mo ní kó tún stylus ṣe kó tó wọn nǹkan kan, sọ́fítíwíà sì ń gbé stylus tó ti yẹ̀ mì, gbogbo nọ́ńbà ń jáde dáadáa. Wíwọ̀n ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí àárín bọ́ọ̀lù tàbí ìbú rẹ̀ bá ti yí padà, kí ó dúró.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan píléètì. Ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́ ń lọ jẹ́jẹ́. Bí kò bá bá nǹkan kan láàárín 5 mm, ó dúró, torí ẹnìkan lè ti gbé píléètì kúrò. Ojú 9 ni lórí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan: 1 lókè, 4 ní ìdajì ọ̀nà, 4 nítòsí àárín. Mo ń jẹ́ kó yí bọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá parí ọ̀kan pátá kó tó kan èkejì, a ò ní rí i bí nǹkan bá ń sún díẹ̀díẹ̀.

Èsì ń wọ fáìlì CSV ní ìlà kan lójúmọ́. Bí ó bá burú, ètò kì í ṣe àtúnṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ láé. Ó kàn ń ti ẹ̀rọ pa títí ènìyàn yóò fi dé. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó ṣàdédé pàdánù roboto rẹ̀, eruku ni, ẹ fi ọtí spírìtì àti aṣọ tí kì í tú òwú nù ún. Bí ìlà méjèèjì bá gùn pọ̀, ẹ wo ooru. Bí ìyípo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, stylus ti tú tàbí afẹ́fẹ́ kò tó nínú bẹ́árìn tó gbé ẹ̀rọ. Àwọn tó ń pa kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ lálẹ́ ni èyí ń bá fínra jù, kí wọ́n tàn án ní wákàtí kan ṣáájú.

Nọ́ńbà méjì tó wà lórí ìwé ẹ̀rí píléètì kò sí nínú ètò fúnra rẹ̀. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni mo kọ wọ́n sí pẹ̀lú ọjọ́ tí ìwé náà yóò parí, tí ọjọ́ yẹn bá sì kọjá, ètò kì í ṣiṣẹ́ mọ́.