Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fẹ́ẹ̀ lé àbá mi dànù

Wákàtí tí mo lò lórí lẹ́tà olójú-ìwé kan pọ̀ ju èyí tí mo lò lórí gbogbo ìyókù iṣẹ́ yìí lọ, owó lọ́yà tí mo san nítorí rẹ̀ kò sì sí nínú ìṣirò mi rárá. Inú ṣì ń bí mi. Iléeṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí mo ní ìpín nínú rẹ̀ ni mo gbé àbá síwájú rẹ̀: kí wọ́n gba ẹni ìta wọlé, kó yẹ bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbé wọn ga àti bí wọ́n ṣe ń sanwó fún wọn wò bóyá ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà níbẹ̀, kó sì tẹ ohun tó bá rí jáde fún gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi hàn ni pé èmi ni mo ni ìpín mi.

Lọ́dọọdún ni iléeṣẹ́ náà ń tẹ ìwé aláwòrán jáde nípa bí gbogbo ẹ̀yà ṣe ń rọ́wọ́ mú lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ló kọ ọ́, àwọn náà ló fún ara wọn ní máàkì. A kì í jẹ́ ẹlẹ́jọ́ ká tún jẹ́ adájọ́. Nígbà tí Facebook gba Laura Murphy, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aráàlú kan láti ìta, láti yẹ iṣẹ́ wọn wò, ìròyìn tó jáde ní 2020 sọ ọ́ gbangba pé àwọn ìpinnu kan tí wọ́n ṣe dá ẹ̀tọ́ aráàlú padà sẹ́yìn. Ta ni nínú ilé tí yóò kọ irú ìyẹn? Ní oṣù Kẹta 2022, àwọn onípìn-ín Apple dìbò fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ olùdarí ní kí wọ́n má ṣe é. Ìbò náà lé ní 53%. Ọjọ́ tí mo kà á ni mo pinnu láti gbé tèmi wá.

Kíkọ àbá ò le. Òfin 14a-8 ti SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà, ló là á sílẹ̀: ẹni tó ti di ìpín dọ́là 2,000 mú fún ọdún 3, tàbí ti 15,000 fún ọdún 2, tàbí ti 25,000 fún ọdún kan, lè gbé àbá kan wá, kó má ṣáà ti ju 500 ọ̀rọ̀ lọ. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlà rẹ̀ ló sì níṣẹ́ tó ń ṣe. Mo fi ránṣẹ́ kí gbèdéke tó pé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ẹni tó bá ra ìpín lórí fóònù bíi tèmi, orúkọ rẹ̀ kì í sí nínú ìwé iléeṣẹ́. Alágbàtà rẹ̀, iléeṣẹ́ tó bá a ra ìpín náà, ló gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà jẹ́rìí sí i. Mo ti sọ fún alágbàtà mi pé títí di ọjọ́ tí mo máa fi àbá ránṣẹ́ gan-an ni kí lẹ́tà náà jẹ́rìí pé mo ní ìpín dé. Èyí tí wọ́n fún mi dúró sí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Lọ́yà iléeṣẹ́ ò fi ìyẹn ṣòfò. Wọ́n ní àlàfo wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, wọ́n sì ní alágbàtà mi ò sí lára àwọn tó wà nínú DTC, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìpín fún àwọn báńkì àti alágbàtà ńlá, nítorí náà lẹ́tà rẹ̀ ò níye lórí. Òfin fún mi ní ọjọ́ 14 láti tún un ṣe.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pààrà nìyẹn. Alágbàtà ní iléeṣẹ́ mìíràn ló ń di ìpín náà mú fún àwọn. Iléeṣẹ́ yẹn ní àwọn ò mọ̀ mí, alágbàtà ni oníbàárà àwọn. Mo pe alágbàtà padà, ó ní lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà àwọn ń tẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Gbólóhùn kan péré! Mo kà á fún un lórí fóònù: ní ọjọ́ tí wọ́n fi àbá ránṣẹ́, lágbájá ní ìpín báyìí nínú iléeṣẹ́ báyìí, ó sì ti dì í mú láìdáwọ́dúró fún ọdún 3 ó kéré tán. Ó ní òun á béèrè. Nígbà tí mo tún pè, ẹlòmíì ló gbé e, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ń lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti fojú winá fún ọ̀pọ̀ ọdún há sẹ́nu déètì kan lórí bébà.

Lọ́yà ni mo gbà nígbẹ̀yìn. Ó fi ìtọ́sọ́nà tí àwọn òṣìṣẹ́ SEC fúnra wọn gbé jáde ní 2011 hàn wọ́n: lẹ́tà méjì tó. Kí alágbàtà jẹ́rìí pé èmi ni mo ni ìpín, kí ẹni tó wà nínú DTC jẹ́rìí pé òun ń dì í mú fún alágbàtà. Lẹ́tà méjèèjì wọlé kí ọjọ́ 14 tó pé, déètì wọn sì ṣe rẹ́gí.

Iléeṣẹ́ náà tún bẹ SEC pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yọ àbá náà. SEC ò gbà. Ó jáde nínú ìwé ìbò, ọ̀rọ̀ mi gan-an, níwájú gbogbo onípìn-ín. Orí mi wú.

Ẹ béèrè ẹni tó ń di ìpín yín mú nínú DTC kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má sì pààrọ̀ alágbàtà láàárín ọdún 3 yẹn, torí ẹ ó nílò ẹ̀rí látọ̀dọ̀ ti àtijọ́ àti ti tuntun. Ìbò wa ò tó ìdajì, bó bá sì tó o pàápàá, òfin ò fi dandan mú ìgbìmọ̀ olùdarí. Ṣùgbọ́n a kọjá 5% tí àbá gbọ́dọ̀ ní kó tó lè padà wá. Lẹ́ẹ̀kejì, 15% ni wọ́n ń béèrè, lẹ́yìn náà 25%. Mo ti ń kọ tọdún tó ń bọ̀.