Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ka fún iṣẹ́ nótárì ní California

Nílé, lọ́yà ló ń ṣe nótárì, ìyẹn ẹni tíjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ló sì ń yàn wọ́n. Ní California, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè ṣe é, onídìrí lè ṣe é, kẹ́ni náà ṣáà ti pé ọmọ ọdún 18, kó sì máa gbé ìpínlẹ̀ náà lọ́nà òfin. Ẹ máa gba ẹ̀kọ́ wákàtí 6, ẹ máa ṣèdánwò, ẹ gbọ́dọ̀ gba máàkì 70. Ìyẹn kò le. Ìtẹ̀ka gan-an ló máa ń dá àwọn èèyàn wa dúró.

Ẹ dúró kí èsì ìdánwò jáde ná. Tẹ́ ẹ bá ti yege, ẹ lọ sórí ìkànnì Secretary of State ti California, ọ́fíìsì tó ń yan nótárì, kẹ́ ẹ tẹ fọ́ọ̀mù Live Scan (ìtẹ̀ka lórí ẹ̀rọ) tí wọ́n ṣe fún nótárì jáde, ẹ̀dà mẹ́ta. Láàárín ọdún kan sí ọjọ́ ìdánwò lẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ka. “Ṣebí mo ti tẹ̀ka níbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó?” Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ o, àmọ́ ti ibẹ̀ ni tibẹ̀. Ẹ máa tún un tẹ̀.

Orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ yín mu. Tí orúkọ ọkọ bá wà nínú ọ̀kan, tí ti bàbá wà nínú èkejì, ẹ kọ ìyókù síbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ mìíràn tẹ́ ẹ ti jẹ́ rí.

Ọwọ́ wá ńkọ́? Ẹni tó ń fi bílíìṣì (bleach) fọ nǹkan, tó ń dirun, tàbí tó ń fọwọ́ lemọ́lemọ́ lọ́sibítù, ìlà ìka rẹ̀ lè ti pa. Ẹ máa fi òrí pa á lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ má fi ohunkóhun pa á, ọ̀rá ò jẹ́ kí ìlà hàn lórí gíláàsì. Òṣìṣẹ́ náà á di ìka yín mú, á yí i láti etí èékánná kan dé èkejì. Ẹ má bá a tì í, ẹ dẹ ọwọ́.

Dọ́là 32 ni ti Ẹ̀ka Ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà, 17 ni ti FBI, àpapọ̀ rẹ̀ 49. Owó òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ yín níka yàtọ̀ síyẹn, iye rẹ̀ kì í sì í dọ́gba, torí náà ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù. Òun ló máa kọ nọ́ńbà ATI, ìyẹn nọ́ńbà ìtẹ̀ka yín, sórí ẹ̀dà yín. Ẹ tọ́jú rẹ̀, òun lẹ máa fi tọpasẹ̀ èsì bó bá pẹ́.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá tún un tẹ̀, ẹ má jáyà: ìka ni kò hàn, kì í ṣe ẹ̀sùn.

Ẹ̀sùn ńkọ́? Tí ilé ẹjọ́ bá ti dá yín lẹ́bi rí, bí àpẹẹrẹ torí pé ẹ mutí wakọ̀, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù ìbéèrè iṣẹ́. Kódà èyí tí ilé ẹjọ́ ti fagi lé lábẹ́ abala 1203.4 nínú òfin ìwà ọ̀daràn California, ẹ kọ ọ́. Ìka yín á kúkú sọ ọ́. Mo rò pé ohun tí ẹlòmíì fi pamọ́ ló ń kó bá a ju ohun tó ṣe lọ, torí wọ́n lè torí ìyẹn nìkan sọ pé rárá.

Tí ìwé ìyànsípò bá dé, ẹ yẹ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wò kíá. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹ ní láti ọjọ́ náà láti gbé ìbúra àti bọ́ǹdì (ìwé onídùúró) $15,000 lọ sọ́dọ̀ county clerk, ìyẹn akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kì í fi ọjọ́ kan kún un.