Ìwàásù kọ́ ni WAEC ní kí ẹ kọ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú CRS, IRS àti fìlọ́sọ́fì

Ọmọ tí kì í pa Sunday school jẹ, gbogbo ilé ló máa ń gbà pé CRS, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni, ò lè le fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó ti ṣe wòlímọ̀ ní ilé-kéú bó bá di ti IRS, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ìgbà tí èsì bá jáde ni ẹnu máa ń yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ SS2 àti SS3 tó ń pàdánù máàkì nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó mọ ẹ̀sìn wọn dáadáa. Ohun tí wọ́n gbọ́ lórí pẹpẹ ni wọ́n ń kọ, ohun tó wà nínú ìwé sì ni ẹni tó ń máàkì mú lọ́wọ́.

Ẹ má kọ ohun tí Bíbélì ò sọ

Ẹ wo ìbéèrè kan tó gbajúmọ̀: ẹ ròyìn bí Sọ́ọ̀lù ṣe di onígbàgbọ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pé Sọ́ọ̀lù já bọ́ lórí ẹṣin. Kò sí ẹṣin kankan nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Inú àwòrán àti fíìmù ni ẹṣin yẹn ti wá. Wọ́n á tún ní Jésù yí orúkọ rẹ̀ padà sí Pọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà. Sọ́ọ̀lù ló ṣì ń jẹ́ nígbà tó kúrò ní Dámásíkù. Ó di orí 13 ẹsẹ 9 kí ìwé náà tó sọ fún wa pé Sọ́ọ̀lù yìí náà ni wọ́n ń pè ní Pọ́ọ̀lù.

Ohun tó ní máàkì nìyí: ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí àlùfáà, ìmọ́lẹ̀ láti ọ̀run tàn yí i ká, ó ṣubú lulẹ̀, ohùn pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó bá a rìn gbọ́ ohùn, wọn ò rí ẹnì kankan, wọ́n fà á lọ́wọ́ wọ Dámásíkù, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi ríran, tí kò jẹ, tí kò sì mu, Ananíà lọ bá a ní ilé Júdásì, ó gbé ọwọ́ lé e, ohun kan bí ìpẹ́ bọ́ kúrò lójú rẹ̀, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì jẹun. Ọmọ tó fi ojú ìwé méjì sọ̀rọ̀ ẹṣin àti àánú Ọlọ́run lè má mẹ́nu ba ju mẹ́ta lọ nínú ìwọ̀nyí.

Irú rẹ̀ pọ̀. Mátíù ò sọ pé amòye mẹ́ta ló wá láti ìlà-oòrùn, ẹ̀bùn ló kà. Kò sì sí ibi tí Bíbélì ti pe Màríà Magidalénì ní aṣẹ́wó. Ohun tí Lúùkù orí 8 sọ ni pé ẹ̀mí èṣù méje jáde lára rẹ̀.

Bí ìbéèrè bá ní “gẹ́gẹ́ bí Lúùkù ṣe kọ ọ́”, ẹ má da ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ bí Jésù ṣe wọ Jerúsálẹ́mù ló máa ń tú àṣírí. Jòhánù nìkan ló dárúkọ imọ̀ ọ̀pẹ. Mátíù ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ọmọ rẹ̀. Lúùkù ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ka igi rárá, aṣọ nìkan ló ní wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà. Ẹ pín ojú ìwé kan sí òpó mẹ́rin, Mátíù, Máàkù, Lúùkù, Jòhánù, kí ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìrìbọmi Jésù, ìjìyà rẹ̀ àti àjíǹde rẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Àwọn tó jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà tún ń kó ọmọ sí wàhálà. Ananíà mẹ́ta ló wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì: ọkọ Sáfírà ní orí 5, ti Dámásíkù ní orí 9, àti olórí àlùfáà tó ní kí wọ́n gbá Pọ́ọ̀lù lẹ́nu ní orí 23. Fílípì tó bá ìwẹ̀fà ará Etiópíà pàdé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méje tí wọ́n yàn ní orí 6, kì í ṣe Fílípì àpọ́sítélì.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó jẹ́ ẹyọ kan

Apá (b) sábà máa ń ní kí ẹ sọ ẹ̀kọ́ tí onígbàgbọ́ lè rí kọ́. Ibí yìí ni ọmọ ti ń gun àga ìwàásù: “Ká nígbàgbọ́. Ká gba Ọlọ́run gbọ́. Ká má ṣiyèméjì.” Kókó kan ṣoṣo nìyẹn, máàkì kan náà ló sì máa gbà. Ẹ so ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn. Bó bá jẹ́ ọba Rehoboámù, ọmọ Sólómọ́nì, ẹ kọ ọ́ pé ó ta ìmọ̀ràn àwọn àgbà nù, ó gba ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ dàgbà, ẹ̀yà mẹ́wàá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí olórí wo ibi tí ìmọ̀ràn máa já sí kó tó gbà á. Èyí tó kàn lè jẹ́ lórí bó ṣe fi ohùn líle dá aráàlú lóhùn, ẹ̀kẹta lórí ère màlúù tí Jeroboámù, ẹni tó di ọba ẹ̀yà mẹ́wàá náà, gbé sí Bẹ́tẹ́lì àti Dánì. Àdúrà ò wúlò níparí ìdáhùn. Orí àti ẹsẹ tí kò bá sì dá yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti IRS

“Iṣẹ́ kò sí láìsí àníyàn” ni wọ́n máa ń kọ pé ó wà nínú Kùránì. Àdíìsì, ọ̀rọ̀ Ànábì, ni, Umar ló gbà á wá, àdíìsì yìí ló sì ṣíwájú nínú àkójọ àdíìsì tí an-Nawawi ṣe. Wọ́n tún máa ń rò pé Fátíhà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nítorí òun ló ṣíwájú nínú ìwé. Ẹsẹ márùn-ún ìbẹ̀rẹ̀ Súrátùl-Alaq ni ìdáhùn.

Lórí kíkó Kùránì jọ, orúkọ kan ò tó. Lẹ́yìn ogun Yamama tó pa ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ Kùránì sórí, Abubakar, kálífà àkọ́kọ́, ní kí Zayd ibn Thabit kó o jọ. Ní ìgbà Uthman, kálífà kẹta, ni wọ́n ṣe ẹ̀dà tó bára mu ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńláńlá. Ẹ kọ ìpele méjèèjì. Ẹ má sì fi sàráà ṣàlàyé sàká: sàká owó ní òṣùwọ̀n tó gbọ́dọ̀ pé, ọdún kan gbọ́dọ̀ yí po lórí rẹ̀, 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ, Súrà 9 ẹsẹ 60 sì ka irú ènìyàn mẹ́jọ tó tọ́ sí. Sàráà ò ní ìdíwọ̀n.

Ẹni tó ń lọ ka fìlọ́sọ́fì

Kò sí ìdánwò fìlọ́sọ́fì nínú WAEC, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń wọ yunifásítì láìmọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ọmọ á fi Ọlọ́run sílẹ̀. Àwọn ọmọ kan sì gbà pé ẹni tó bá lè jiyàn ti yege. Anselm àti Thomas Aquinas tí wọ́n ń kà níbẹ̀, àlùfáà ni àwọn méjèèjì.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ọmọ má mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ara wọn. Ẹ gbọ́ èyí: gbogbo ọmọ Àkúrẹ́ ló mọ Ọjà Ọba, Bọ́lá mọ Ọjà Ọba, nítorí náà ọmọ Àkúrẹ́ ni Bọ́lá. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ lè jẹ́ òtítọ́, ẹ̀kẹta ò tẹ̀lé wọn, torí oníṣòwò láti Èkìtì náà mọ Ọjà Ọba. Ẹ wá gbọ́ èyí: gbogbo ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, Bọ́lá ń gbé Àkúrẹ́, nítorí náà ọmọ Àkúrẹ́ ni. Irọ́ ni gbólóhùn àkọ́kọ́, síbẹ̀ ìparí tẹ̀lé ohun tó ṣáájú. Ẹni tó bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ sílẹ̀ fún ọdún kìíní.

Òwe ni ìdẹkùn kejì. Ọmọ á sọ pé “àyànmọ́ ò gbóògùn”, á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹlòmíì á fi “ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe” dá a lóhùn. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀, kí ẹ wá béèrè ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan. Ọmọ Ìgbàrà-Òkè, nítòsí Àkúrẹ́ níbí, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé tó di olóògbé ní 2018. Ó gbé Ọ̀rúnmìlà sí ẹ̀gbẹ́ Socrates, amòye Gíríìkì àtijọ́, ó sì wá ìdí ọ̀rọ̀ nínú ẹsẹ Ifá. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Yorùbá ò ní fìlọ́sọ́fì nítorí pé a ò kọ ọ́ sílẹ̀ ti gbàgbé pé Socrates pàápàá ò kọ ìwé kankan.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀

FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, ò ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní Oǹdó, náà ò ní, àmọ́ àwọn kan ṣì ń fi wọ́n ṣe àkọ́yàn nítorí pé wọ́n sún mọ́lé. Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá-Àkókó ní ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì àti ti ẹ̀sìn. Adéyẹmí, yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Oǹdó, ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ CRS. Ẹ wo IBASS, ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún àwọn ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé yín gan-an ń béèrè, kí ẹ má gba ti ọ̀rẹ́ gbọ́.

Ìbéèrè 180 ni JAMB, wákàtí méjì ni wọ́n fún yín: 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó kù. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá péré ló kan ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi àwọn lẹ́tà Májẹ̀mú Tuntun sílẹ̀ nítorí pé tíṣà ò tíì dé ibẹ̀. Wọ́n jẹ́ odidi apá kan nínú sílábọ́ọ̀sì CRS, Fílémónì tó gùn ní orí kan péré sì ṣeé kà tán kí bọ́ọ̀sì tó dé.